NÍGBÀ TÍ KỌ̀ǸPÚTÀ ẸGBẸ́ KÒ RÍ HÁÀDÌ DÍSÌKÌ RẸ̀

Ọ̀rọ̀ tí àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka

A kò ní fi ọ̀rọ̀ gígùn da yín dúró ju bó ti yẹ lọ.

Ìbéèrè kan ni ẹ ń bi wá láti ìgbà tí a ti ṣe ìpàdé tó kọjá. Ẹ ní kí ló dé tí owó alájẹṣẹ́kù fi pẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kó tó jáde. Àwọn kan sọ pé akápò ti ná an. Àwọn mìíràn ní ẹ̀ka ti jẹ gbèsè. Gbogbo rẹ̀ ni a gbọ́, etí wa kò di. Owó wà ní báńkì, kọ́bọ̀ kan kò dín níbẹ̀. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ wa ni àkọsílẹ̀ tí yóò sọ èló ni ti Làmọrín, èló ni ti Lágbájá. Inú háàdì dísìkì ni àkọsílẹ̀ náà wà, kọ̀ǹpútà tuntun tí a fi ọwọ́ ara wa tò kò sì rí háàdì dísìkì ọ̀hún rárá. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ní ká wá ṣàlàyé fún yín lónìí, bí ọ̀rọ̀ ti rí àti bí a ṣe yanjú rẹ̀, nítorí púpọ̀ nínú yín ló ti ní kọ̀ǹpútà nílé, àwọn ọmọ yín sì ń to òmíràn jọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa. Láti ọdún 2013 ni a ti ń kọ owó ẹgbẹ́, owó alájẹṣẹ́kù àti owó ìrànwọ́ fún ẹbí ẹni tó bá kú sínú kọ̀ǹpútà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a máa ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ní ìparí oṣù, a ó sì dì í sínú fáìlì. Lẹ́yìn ọdún 2021, a dẹwọ́. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàjẹ́, a ní a ó tún un ṣe, a kò tún un ṣe. Nítorí náà, nígbà tí wàhálà dé, ìwé tó wà lọ́wọ́ wa ti di ìwé àtijọ́. Ẹni tó wọ ẹgbẹ́ ní ọdún 2022 kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó fi kún owó oṣooṣù rẹ̀ kò sí bí a ó ṣe mọ̀.

Ó sì ní ìyá kan tó ń wá sí ọ́fíìsì wa ní gbogbo àkókò yẹn. Ọkọ rẹ̀ wa ọkọ̀ akẹ́rù fún ọdún mọ́kàndínlógún kó tó kú. Ó tọ́ sí i láti gba owó ìrànwọ́ àti gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ fi pamọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ní kó padà wá. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó mú ìwé owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ dání, kò sọ̀rọ̀, ó kàn gbé e lé orí tábìlì akọ̀wé. Ẹ̀yin ará, ojú tì wá.

Báwo ni wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀? Òjò rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, iná lọ, ó sì padà dé lójijì pẹ̀lú agbára tó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ dún pàù, òórùn rọ́bà tó jóná sì gba gbogbo yàrá. A tú u wò ní ọjọ́ kejì. Àpótí tó ń pín iná nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní power supply, ti jó. Pátákó ńlá tí gbogbo nǹkan so mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní motherboard, ti dúdú ní igun kan. Ìgbìmọ̀ ní ká ra odindi tuntun. A ro iye rẹ̀, a rí i pé kò ní ṣeé ṣe. Ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta láti ẹ̀ka àtúnṣe ẹ̀rọ bá ní kí a lọ ra àwọn èròjà rẹ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, kí a tò ó fúnra wa. Ẹni tó ń tú ẹ́ńjìnnì mọ́tò tó sì ń tò ó padà, kí ló fẹ́ fi bẹ̀rù kọ̀ǹpútà? A ra motherboard, a ra àpótí iná tòkunbọ̀, a ra ìrántí. A tún ra ọ̀kan nínú àwọn dísìkì ìgbàlódé tó pẹlẹbẹ bíi ṣingọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń kì bọ ihò M.2 lórí motherboard, kí Windows lè máa gbé inú rẹ̀. Háàdì dísìkì àtijọ́ tí àkọsílẹ̀ wà nínú rẹ̀, a yọ ọ́ kúrò nínú òkú kọ̀ǹpútà, a sì dè é mọ́ inú ti tuntun.

A tan iná. Kọ̀ǹpútà là, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. A wá inú rẹ̀ títí, a kò rí háàdì dísìkì àtijọ́. Bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rárá.

Ibí ni ọ̀rọ̀ wa lónìí ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. A gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò tíì tú ìdè kan tó fi ní iná ti pa háàdì dísìkì náà, kí a lọ ra òmíràn. Ẹnìkejì béèrè owó tó tó ìdajì owó kọ̀ǹpútà, ó ní òun yóò “fọ̀ ọ́” kí ó lè ṣiṣẹ́. A bi í pé kí ni fífọ̀ túmọ̀ sí. Ó ní òun yóò fọ́máàtì rẹ̀. Ẹ gbọ́ o! Fífọ́máàtì ni kí wọ́n nu gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ nù. Ó dà bí ìgbà tí mẹ̀káníìkì ní kí òun tún mọ́tò rẹ ṣe, ó wá kó gbogbo ẹrù èrò inú rẹ̀ dà sínú odò. A gbé kọ̀ǹpútà wa, a dúpẹ́, a padà sílé.

Nígbà tí mọ́tò kò bá dáná, ẹ̀yin dẹ́rẹ́bà kì í sọ pé ẹ́ńjìnnì ti kú. Ẹ ó wo epo. Ẹ ó wo bátìrì, ẹ ó gbọn orí rẹ̀ wò bóyá ó ti tú. Ẹ ó wo fíúsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ẹ ń wò ó, ẹ kì í yí nǹkan mẹ́rin padà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bó bá dáná lẹ́yìn náà, ẹ kò ní mọ èwo ló ṣe é. Ọ̀nà yìí gan-an ni a tọ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí a bi ara wa ni pé: ta ni kò rí i? Ẹni méjì ló wà nínú kọ̀ǹpútà tó yẹ kí ó rí háàdì dísìkì. Ẹni ìkíní ni BIOS. Òun ni ó máa ń kọ́kọ́ jí nígbà tí ẹ bá tan iná, tí ó ń ka ohun tó so mọ́ motherboard bí fọ́ọ̀mánì ti ń ka àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹnu géètì. Ẹnìkejì ni Windows, tó máa ń jí lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà tí ẹ sì ń tẹ Delete tàbí F2 léraléra, lórí ọ̀pọ̀ motherboard ẹ ó wọ inú BIOS, ẹ ó sì rí àkójọ àwọn dísìkì níbẹ̀. Bí orúkọ dísìkì yín bá wà níbẹ̀ tí Windows kò sì fi hàn yín, ọ̀rọ̀ náà kò le: iná ń dé ibẹ̀, wáyà dára, ọ̀dọ̀ Windows ni ẹ ó ti wá ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí BIOS fúnra rẹ̀ kò bá rí i, ẹ má yọ Windows lẹ́nu, ẹ má tún un gbé wọlé, ẹ má fi òru yín ṣòfò lórí rẹ̀. Inú àpótí ni ẹ ó wò. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ló ń mú kí àwọn ènìyàn ná owó tí kò yẹ kí wọ́n ná.

Tiwa, BIOS kò rí i. A pa kọ̀ǹpútà, a yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri, a ṣí àpótí.

Wáyà méjì ló ń wọ ẹ̀yìn háàdì dísìkì irú èyí tí wọ́n ń pè ní SATA, tó ti gbòde láti ọdún 2003. Èyí tó fẹ̀ ni wáyà iná, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí tó kéré ni wáyà dátà, ẹsẹ̀ méje ló ní. Èyí tó fẹ̀ ń bọ́ ọ, èyí tó kéré ń gbé ọ̀rọ̀ lọ ó sì ń gbé e bọ̀. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ díẹ̀, kò sí ohun tí ẹ ó rí. A kọ́kọ́ wá iná. Báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé iná dé inú háàdì dísìkì? Ẹ fi ọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà. Àwo kan wà nínú rẹ̀ tó ń yí, ní ọ̀pọ̀ ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ni iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ọwọ́ yín yóò gbọ́ bó ti ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, bíi fáànù tó jìnnà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ńlá, ọwọ́ yín ju etí yín lọ nínú irú èyí. Dísìkì pẹlẹbẹ ti M.2 kò ní ohun tó ń yí, nítorí náà ẹ má retí ìgbọ̀n kankan lára tirẹ̀.

Tiwa dákẹ́ bí òkúta. A wò ó dáadáa, a rí i pé orí wáyà iná kò wọlé tán, ó fi bí ìbú èékánná sílẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé wáyà náà kúrú, ó ń fà á sẹ́yìn.

Ẹnì kan nínú wa tó fẹ́ràn iṣẹ́ kíá sọ pé òun ní wáyà tó gùn nílé, ti àpótí iná kọ̀ǹpútà ọmọ òun. Ó lọ mú un wá. Ó wọlé wẹ́kú ní ìhà méjèèjì. Ó kù díẹ̀ kí a tan iná nígbà tí ọ̀gá kan láti ẹ̀ka iná mọ̀nàmọ́ná ilé iṣẹ́ wa gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Ẹ dúró ná! Ṣé ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe àpótí iná méjèèjì?” A ní rárá o. Ó ní kí a yọ ọ́ kíá. Ó gbé míta rẹ̀ jáde, ó wọn ẹsẹ̀ wáyà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi hàn wá. Ohun tó wà ní ìhà háàdì dísìkì, òfin kan náà ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n ìhà tó ń wọ inú àpótí iná, oníkálukú ló ń to tirẹ̀ bó ti wù ú. Wáyà lè wọ ihò náà wẹ́kú, kí iná 12 fóòtì sì gba ibi tí 5 fóòtì yẹ kó gbà. Bí a bá tan án báyìí, kí a tó ṣẹ́jú ni ohun tó wà lára háàdì dísìkì ìbá ti jóná, àkọsílẹ̀ yín ìbá sì bá a lọ. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ kò bá rántí ohun kankan nínú ọ̀rọ̀ òní, ẹ rántí èyí: wáyà tó bá bá àpótí iná wá nìkan ni kí ẹ fi sí i. A padà sí wáyà tiwa, a sún háàdì dísìkì mọ́ ọn, a tì í títí ó fi wọlé tán.

A tan iná. Ọwọ́ gbọ́ ìgbọ̀n! Àwo ń yí. A tún wọ inú BIOS. Kò tíì rí i.

Ó wá ku wáyà dátà. Wáyà yìí kò wọ́n, ó sì máa ń tètè bàjẹ́ bí ẹ bá ká a lágbo tàbí tẹ̀ ẹ́ láàárín ìdè. A mú òmíràn tí a mọ̀ dájú pé ó ń ṣiṣẹ́, a fi pààrọ̀ rẹ̀. Kò yí padà. A wá gbé háàdì dísìkì náà lọ sínú kọ̀ǹpútà ọmọ ẹgbẹ́ kan, pẹ̀lú wáyà inú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. BIOS ibẹ̀ rí i lójú ẹsẹ̀! A pa á kíá, a kò jẹ́ kí ó lọ síwájú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó yé wa báyìí pé háàdì dísìkì kò kú, ẹni tó ní iná ti pa á parọ́. Ilé wa ni ẹjọ́ wà.

Ibí ni a jókòó tì fún ọjọ́ méjì, a kò sì tíjú láti sọ ọ́. Ẹnì kan ní motherboard ti bàjẹ́, kí a dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹlòmíràn wọ inú BIOS, ó wò bóyá wọ́n ti àwọn ihò SATA pa níbẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fi “Disabled” sí i. Wọn kò tì í. Níkẹyìn, ọmọbìnrin kan láti ẹ̀ka ìdìpọ̀, tí kò tíì pẹ́ nínú ẹgbẹ́, béèrè pé ìwé tó bá motherboard wá dà. A wo ara wa lójú. Inú páálí ló wà, ọ̀rá rẹ̀ kò tíì já. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ó dé ojú ewé kan tí wọ́n to àwọn ihò sí, ó sì fi ìka tọ́ ọ: bí ohunkóhun bá wà nínú ihò M.2 yìí, ihò SATA karùn-ún àti ìkẹfà kò ní ṣiṣẹ́.

Ihò ìkẹfà ni a kì í bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi mọ́tò ṣàlàyé rẹ̀. Ọ̀nà tí dátà ń gbà dé ọpọlọ kọ̀ǹpútà ní iye. Àwọn tó ń ṣe motherboard kò lè la ọ̀nà tirẹ̀ fún ihò kọ̀ọ̀kan, nítorí náà wọ́n máa ń jẹ́ kí ihò méjì pín afárá kan lò. Bí dísìkì M.2 bá ti gba orí afárá, géètì SATA tó wà ní ìhà kejì ti tì. Kò ní pariwo, kò ní sọ fún yín pé òun ti tì. Lórí àwọn kan, irú M.2 kan péré ló ń tì í. Lórí àwọn mìíràn, irú yòówù tí ẹ bá fi síbẹ̀ ló ń tì í. Lórí àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò sí ìjà láàárín wọn rárá. Ìwé motherboard yín nìkan ló mọ̀. Bí ìwé náà bá sọnù, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára motherboard, ẹ ó rí ìwé náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, lọ́fẹ̀ẹ́.

A yọ wáyà dátà kúrò ní ihò ìkẹfà, a kì í bọ ìkíní. BIOS ka orúkọ háàdì dísìkì jáde, lẹ́tà lẹ́tà. Àwọn kan nínú wa fò sókè.

Ṣùgbọ́n ìdùnnú wa kò tọ́jọ́. Windows là, a wá inú rẹ̀, kò fi háàdì dísìkì náà hàn síbẹ̀. A rántí ohun tí a sọ lẹ́ẹ̀kan: bí BIOS bá ti rí i, ọ̀dọ̀ Windows ni kí a wá ìdí rẹ̀. Ibì kan wà nínú Windows tí wọ́n ń pè ní Disk Management, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mááọ̀sì tẹ àmì Windows, ẹ ó rí i. Ibẹ̀ ni gbogbo dísìkì ti máa ń hàn, bí wọn kò tilẹ̀ ní lẹ́tà. Tiwa wà níbẹ̀, àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kò ní lẹ́tà kankan. Ohun tí kò ní lẹ́tà, Windows kì í fi í hàn ní ibi tí ẹ ti ń wá fáìlì, bí mọ́tò tí kò ní nọ́ńbà kò ṣe lè wọ gáréèjì. A fún un ní lẹ́tà E. Ó ṣí.

Ẹ̀yin ará, ẹ fiyè sí ibí yìí. Nínú ilé kan náà ni ewu tó tóbi jù lọ wà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé Windows yóò sọ pé, “Ó yẹ kí o fọ́máàtì dísìkì yìí kí o tó lè lò ó,” tàbí kí ó ní òun fẹ́ “Initialize” rẹ̀. Bí dísìkì náà bá jẹ́ tuntun láti inú ọ̀rá, tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, ẹ gbà fún un, bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ. Bí ó bá ju 2 TB lọ, GPT ni kí ẹ yàn, má yan MBR, nítorí MBR kò lè lo ohun tó ju 2 TB lọ. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ẹ kò fẹ́ kó sọnù bá wà nínú rẹ̀, ẹ ní rárá! Ẹ pa á, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Windows kì í ṣe ọ̀tá, kò kàn mọ owó ìyá yẹn ni.

Nígbà tí a sọ ọ̀rọ̀ dé ibí, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìbéèrè, a ó sì dáhùn méjì tàbí mẹ́ta síhìn-ín.

Dẹ́rẹ́bà kan béèrè pé ti òun ń dún kẹ́ kẹ́ kẹ́ ńkọ́, bí ẹni tó ń fi èékánná kan tábìlì. Alàgbà, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ohun kan bí abẹ́rẹ́ wà lókè àwo inú háàdì dísìkì, ó ń fò lórí rẹ̀ láìfara kàn án, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì tó ìbú irun orí. Ìró yẹn sábà máa ń túmọ̀ sí pé abẹ́rẹ́ ń wá ọ̀nà tí kò sì rí i. Bí ẹ bá ń tan án léraléra, ó lè máa ha àwo náà. Òun gan-an ni àìsàn tòótọ́. Ẹ má gbé e sínú fíríìjì bí àwọn kan ti ń wí, omi ni yóò bá a lára níbẹ̀. Ẹ má sì tú u. A mọ̀ yín, a mọ̀ pé ọwọ́ yín kì í gbé jẹ́ẹ́ bí ẹ bá rí sukúrúù, ṣùgbọ́n ekuru kékeré kan tí ojú kò rí ti tó láti ba nǹkan jẹ́ nínú rẹ̀.

Ẹlòmíràn béèrè pé báwo ni a ṣe lè mọ háàdì dísìkì tòkunbọ̀ tó dára kí a tó sanwó. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á so ó mọ́ kọ̀ǹpútà lójú yín, kí ó sì fi CrystalDiskInfo wò ó, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó rí iye wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́, bí ìgbà tí ẹ ń wo iye máìlì lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ ó tún rí iye ibi tó ti bàjẹ́ lórí àwo. Bí iye yẹn kò bá jẹ́ òdo, tí ó sì ń pọ̀ sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Nọ́ńbà kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CRC. Bí ìyẹn ló bá ń gòkè, ẹ pààrọ̀ wáyà dátà ná, nítorí ohun tó ń kà ni ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà, kì í ṣe lórí àwo.

Ìyá kan láti ẹ̀ka ìránṣọ béèrè nípa kọ̀ǹpútà àtijọ́ ọmọ rẹ̀, tí wáyà rẹ̀ fẹ̀ tó sì pẹlẹbẹ bíi ríbọ́ọ̀nù. Ìyẹn ti wà ṣáájú SATA. Méjì lè jọ wà lórí wáyà kan, ọ̀kan ọ̀gá, ọ̀kan ọmọ iṣẹ́, ohun kékeré kan tí ẹ ń kì bọ ẹ̀yìn rẹ̀ ló sì ń sọ èwo ni ọ̀gá. Bí àwọn méjèèjì bá pe ara wọn ní ọ̀gá, kọ̀ǹpútà lè má rí ẹyọ kan nínú wọn. Ẹ mọ̀ ọ́n bí ó ti ń rí.

Ní báyìí, ibi tí nǹkan dé nìyí. Ní ọjọ́ tí háàdì dísìkì ṣí, a kò kọ lẹ́tà kan sínú rẹ̀ kí a tó da gbogbo àkọsílẹ̀ kọ sórí dísìkì méjì mìíràn. Ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì, ọ̀kan wà lọ́wọ́ akápò nílé rẹ̀, ibi tí òjò àti iná ọ́fíìsì kò lè bá a. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tó kẹ́yìn oṣù, akọ̀wé yóò da èyí tó jẹ́ tuntun kọ sórí méjèèjì, ẹni méjì mìíràn yóò sì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn rí i nígbà tó ṣí. A ti tún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe. A ti ra ohun tó ń gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ iná tó bá dé lójijì. Owó rẹ̀ wà nínú ìṣirò owó tí akápò yóò kà fún yín lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, bí ẹ bá ní ẹjọ́ lórí rẹ̀, ẹ rò ó.

Owó alájẹṣẹ́kù ti jáde. Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gba tirẹ̀ pé, pẹ̀lú owó oṣù mẹ́rin tí ọkọ rẹ̀ san tí kò sí nínú ìwé àtijọ́, tó jẹ́ pé inú háàdì dísìkì yẹn nìkan ni ó wà.

A ti lẹ orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ àti iye owó oníkálukú mọ́ ara pátákó ìkéde lẹ́nu ọ̀nà kàńtíìnì. Kí ẹ tó lọ ilé lónìí, ẹ dúró níbẹ̀, ẹ wo orúkọ yín. Bí iye rẹ̀ kò bá bá ìwé owó oṣù tó wà lọ́wọ́ yín mu, ẹ mú ìwé náà wá fún akọ̀wé kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.